“Kò Ṣàìsàn Rárá”: Irọ́ Tí Wọ́n Ń Pa Lórí Òkú Àwọn Ìyá Wa

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò dùn, kò sì ní tẹ́ gbogbo èèyàn lọ́rùn. Ẹni tí inú bá bí, kó kọ́kọ́ kà á tán.

Gbólóhùn kan wà tí a máa ń gbọ́ níbi ìsìnkú àwọn obìnrin. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. “Kò ṣàìsàn rárá. Ó lọ sọ́jà láàárọ̀, ó dé, ó se oúnjẹ alẹ́ fún gbogbo ilé, ó sùn, ilẹ̀ mọ́, kò jí.” Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni ń yìn ín. Àwọn tó jókòó á mirí. Àgbà kan á ní ikú gbígbóná ni. Ẹlòmíràn á wo ọ̀kánkán ilé ìyàwó kejì, kò ní sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn á ti gbọ́ ohun tí kò sọ.

Ikú òjijì wà lóòótọ́, a kò sọ pé kò sí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ká àga àti tápólì tán, ẹ lọ bá ọmọbìnrin tó ń bá olóògbé sùn nínú yàrá kan náà, kí ẹ rọra bi í. Ẹ ó gbọ́ pé màmá ti ń fi ìrọ̀rí mẹ́ta gbé orí sókè kí ó tó lè sùn. Ẹ ó gbọ́ pé ó ti tó oṣù kan tí ó ń jókòó lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀bá ọ̀nà kí ó tó dé ọjà. Ẹ ó gbọ́ pé ó sọ fún bàbá, ó sọ fún àbúrò, ó sọ fún ẹni tó ń gbàdúrà fún un. Ó ṣàìsàn, ó sì sọ ọ́. Àwọn tó sọ ọ́ fún ni kò kà á sí àìsàn.

Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé àìsàn ọkàn, àìsàn ọkùnrin ni, pàápàá ọkùnrin olówó tó sanra, tó ń jẹ ẹran, tó ń mu bíà. Irọ́ nìyẹn náà. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka èèyàn tó tó mílíọ̀nù 17.9 tí àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ pa káàkiri ayé, èyí tó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn lọ sì wà ní orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀, irú tiwa. Nínú gbogbo obìnrin tó kú lọ́dún náà ní àgbáyé, nǹkan bí 35 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn yìí mú lọ. Kò sí àrùn jẹjẹrẹ kan, ọmú tàbí ilé ọmọ, tó sún mọ́ ọn. Síbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ obìnrin mẹ́wàá ní ọjà Kétu ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù nínú ara wọn, kí ẹ wò ó bóyá ẹnì kan á dárúkọ ọkàn.

Ohun tó ń dí wa lójú ni pé àwòrán kan ṣoṣo ni gbogbo èèyàn mọ̀: ọkùnrin inú fíìmù tó di àyà mú, tó ṣubú lulẹ̀. Ìrora àyà ṣì ni àmì tó wọ́pọ̀ jù, fún obìnrin bíi ti ọkùnrin. Àmọ́ obìnrin kì í sábà pè é ní ìrora. Yóò ní nǹkan wúwo lé òun láyà bí ẹni gbé àpò àgbàdo lé e. Yóò ní ó ń fún òun. Nígbà mìíràn kò sí nínú àyà rárá: ó wà lẹ́yìn, láàárín èjìká méjèèjì, tàbí ní ọrùn, tàbí ní àgbọ̀n títí dé eyín, tàbí ní apá. Òmíràn, èébì ló ń gbé e. Inú ń ru, òógùn tútù bò ó láìsí oòrùn, èémí kò tó, ojú ń ṣú u. Èyí tí wọ́n máa ń fojú di jù ni àárẹ̀. Kì í ṣe àárẹ̀ ẹni tó ti oko dé. Àárẹ̀ kan ni tó ń mú obìnrin tó ti ń pọn omi láti ọmọdé dúró lójijì sí àárín àgbàlá, kí garawa di ohun tí kò lè gbé mọ́. Ó lè ti máa ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọjọ́ burúkú náà tó dé.

Ẹ wá fi etí sí ohun tí wọ́n ń dá a lóhùn. “Inú kíkún ni.” “Àgbà ló dé.” “Nǹkan oṣù rẹ ló ń dúró.” “Ìwọ náà ti ronú jù.” Èyí tó burú jù nínú wọn: “Ṣé ìwọ nìkan ni iṣẹ́ ń rẹ̀ ni?”

Èdè wa pàápàá dá kún un. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá fi ń pe ẹran tó ń lù nínú àyà àti ibi tí ìrònú òun ìbànújẹ́ ń gbé. Obìnrin kan á ní “ọkàn mi ń lù kìkì, kò balẹ̀”, ara ló ń sọ. Ẹni tó ń gbọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ilé ọkọ ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un nímọ̀ràn sùúrù. Ó ní “àyà mi ń já”, wọ́n bi í pé kí ló rí. Àwa tí a kọ́ ìwé ní èdè Faransé, a lè ya ọkàn sí ara pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì pupa àti búlúù, àwọn ọmọ CM2 á sì ka “oreillette” àti “ventricule” láìṣìnà. Ọmọ kan náà á délé, ìyá àgbà á sọ fún un pé àyà ń wúwo, kò ní mọ̀ pé ohun tí òun kọ́ láàárọ̀ ni ìyá àgbà ń sọ. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ ọmọ ní orúkọ nǹkan ní èdè tí ìyá rẹ̀ kò gbọ́, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

A mọ obìnrin kan, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, tó ń ta gàrí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀yìn fi ro ó láàárín èjìká. Ó kọ́kọ́ lo ìpara olóòórùn líle tí wọ́n ń tà ní ọjà. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ibi ìtọ́jú kan, orúkọ ibẹ̀ kò ṣe pàtàkì nítorí pé ó lè jẹ́ ibikíbi: wọ́n fún un ní oògùn ibà àti oògùn inú kíkún, wọ́n ní kó lọ sinmi. Ẹnikẹ́ni kò wọn tension rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè bóyá ìrora náà ń pọ̀ sí i tí ó bá ń rìn, tó sì ń rọlẹ̀ tí ó bá dúró. Ìbéèrè yẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, òun gan-an sì ni ì bá ṣí ìdí ọ̀rọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, òógùn bò ó, ó bì, ó ní àgbọ̀n ń ro òun. Aago mẹ́wàá alẹ́ nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ wà ní ìrìn àjò, fóònù rẹ̀ kò lọ. Àwọn ará ilé ní kí ilẹ̀ mọ́ ná, kí ẹni tó lè fọwọ́ sí ìnáwó dé. Nígbà tí wọ́n gbé e gun zémìjàn ní ìdájí, ó ti ń sùn lé ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́rùn. Kò dé ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ ìsìnkú, ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí wọ́n sọ.

Wákàtí mẹ́jọ nìyẹn. Nígbà tí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọkàn bá dí, ẹran ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í dúró de ẹni tó ń fọwọ́ sí ìnáwó. Ó ń kú díẹ̀díẹ̀, wákàtí lórí wákàtí, èyí tó bá sì ti kú kò ní jí mọ́. Oògùn wà tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, àmọ́ wákàtí ìbẹ̀rẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà; tí ó bá ti kọjá wákàtí méjìlá, èrè rẹ̀ ti kéré. Láti Kétu sí Kútọnu ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ. Ẹ fi wákàtí mẹ́jọ ìjíròrò ìdílé kún un, kí ẹ ṣírò rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni orí wa kò pé. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù pẹ̀lú, wọ́n ti rí i pé obìnrin tí ọkàn rẹ̀ ń kọlù ú máa ń pẹ́ ju ọkùnrin lọ kí ó tó dé ilé ìwòsàn, tí ó bá sì dé, wọ́n tètè máa ń dá a padà sílé. Ní ọdún 1977, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó oògùn ní kí wọ́n yọ àwọn obìnrin tó ṣì lè bímọ kúrò nínú ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun. Ọdún 1993 ni wọ́n tó yí i padà. Fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ara ọkùnrin ni wọ́n fi ń mọ bí oògùn ṣe ń ṣe ara obìnrin. Àìbìkítà yìí kò ní àwọ̀. Àmọ́ ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í ka iná ilé aládùúgbò.

Ẹ jẹ́ kí a dé ibi tó ń dùn wá jù, ìyẹn ni àwọn ìyá ọ̀dọ́. Àìsàn ọkàn kan wà tó jẹ́ pé abiyamọ nìkan ló ń ṣe. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù ìkẹyìn oyún títí di oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ: ọkàn á rọ̀, á fẹ̀, kò ní lè ti ẹ̀jẹ̀ síwájú bó ṣe yẹ mọ́. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ló ń mú jù. Àwọn dókítà ní Zaria, ní àríwá Nàìjíríà, ti ń kọ nípa rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970, ilẹ̀ Haúsá náà sì wà lára ibi tó ti wọ́pọ̀ jù ní gbogbo ayé. Kì í ṣe ìyá àgbà ló ń pa. Ọmọ ogún ọdún, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí wọ́n ṣì ń jó fún.

Àmì rẹ̀ rọrùn láti mọ̀, ìdí sì nìyẹn tí ó fi ń bí wa nínú. Ẹsẹ̀ wú, kò lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ó ń gòkè sí orúnkún ni. Kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ó ń ta jí láàárín òru bí ẹni tó ń rì sínú omi, ó ń wá atẹ́gùn lójú fèrèsé. Ó ń wúkọ́, pàápàá tí ó bá dùbúlẹ̀. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ tí ó bá gbé ọmọ láti yàrá dé ìloro. Kí ni wọ́n ń sọ fún un? Pé ara abiyamọ ni. Pé ọmọ ọkùnrin tó bí tóbi. Wọ́n ń fi omi gbígbóná jó o lára, wọ́n ń fi káún àti iyọ̀ sí ọbẹ̀ rẹ̀ kí ọmú lè ní wàrà. Iyọ̀ ń fa omi mọ́ ara, bẹ́ẹ̀ omi ni ọkàn rẹ̀ kò lè kó mọ́.

Ìjọba Benin sọ iṣẹ́ abẹ ìbímọ di ọ̀fẹ́ ní ọdún 2009, a sì dúpẹ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ló wà láàyè lónìí nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbàrà tí ọmọ bá ti ké, ojú gbogbo èèyàn kúrò lára ìyá. Ọmọ nìkan ni wọ́n ń gbé lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọmọ nìkan ni wọ́n ń wọ̀n. Ìyá tó gbé e wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ bí òpó, ẹnikẹ́ni kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Obìnrin tí tension rẹ̀ ga nínú oyún, wọ́n á sọ fún un pé ó ti lọ lẹ́yìn ìbímọ. Lóòótọ́, ó lè lọ. Àmọ́ ewu àìsàn ọkàn fún obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú tó ìlọ́po méjì ti ẹni tí oyún rẹ̀ tutù. Ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa, kí wọ́n sì máa wọn tension rẹ̀ lọ́dọọdún títí ayé.

A mọ ẹnì kan tí ó bọ́. Aránṣọ ni, ọmọ kẹta ló bí. Agbẹ̀bí kan tó gbọ́n sọ fún un pé kó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò lè ṣe é fún ìṣẹ́jú kan. Agbẹ̀bí náà kò bá a sọ ọ̀rọ̀ inú kíkún, ó kọ ìwé, ó fi í ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń wo ọkàn. Oṣù mẹ́fà ìtọ́jú, ọkàn rẹ̀ gbé díẹ̀díẹ̀. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu: púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bá tètè rí ni ọkàn wọn ń padà sípò. Dókítà wá sọ fún òun àti ọkọ rẹ̀ pé oyún mìíràn lè dá àìsàn náà padà, kódà fún ẹni tí ara rẹ̀ ti yá, àti pé àwọn kan nínú oògùn tí ó ń lò lè ba oyún jẹ́. Kí wọ́n fètò sí i, kí wọ́n má ṣe nǹkan kan láìbi í.

Ẹ mọ ohun tí ìdílé ọkọ sọ? Pé obìnrin ni àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Pé dókítà kì í ṣe Ọlọ́run.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, àwa ń bá yín wí níbí o, kò sí àfikún iyọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá mọ̀ pé oyún lè pa obìnrin kan, tó sì fi ipá mú un lóyún nítorí orúkọ ilé, kí ó má sunkún níbi ìsìnkú rẹ̀. Kí ó má sì wá sọ fún wa pé kò ṣàìsàn rárá.

Ọ̀rọ̀ ayé wá kù. Nígbà tí obìnrin bá kú báyìí, wọ́n máa ń wá ẹni tó pa á. Lọ́pọ̀ ìgbà, obìnrin mìíràn ni wọ́n ń rí: ìyá arúgbó kan tó ń gbé nìkan, tàbí orogún. Ẹ wo bí ó ti rí. Ìyá kan kú nítorí pé wọn kò gbọ́ ọ, wọ́n sì tún mú ìyá mìíràn mọ́ ọn. Àwa ọmọ Kétu la ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọdún 2001 ni UNESCO polongo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye fún gbogbo ayé, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Kí ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́? Àwọn ọkùnrin gbé ère wọ orí, wọ́n so ìdí àti ọmú mọ́ra, wọ́n ń jó láti tu àwọn ìyá wa lójú, láti sọ pé agbára wọn kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. A kò rí ìlú mìíràn tó ń fi ìlù àti aṣọ bẹ àwọn ìyá bíi tiwa. Ìyá kan náà á ní àyà òun wúwo, wọ́n á ní kó gún iyán ná kí àwọn àlejò tó jókòó.

Ẹnì kan á ní: ṣé ẹ̀ ń sọ pé ayé kò sí ni? A kò wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kí ẹ lọ bá babaláwo, àlùfáà tàbí pásítọ̀ lọ́la. Iṣan tó dí kò ní bínú pé ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà, ayé náà kò sì ní sá lọ.

Àwọn tó ń ta àgbo tó ń “fọ ọkàn” lórí rédíò kò yẹ kí a fi àyè púpọ̀ ṣòfò lé lórí. Kò sí ohun tí wọ́n ń pè ní fífọ ọkàn. Tension ni olórí ọ̀tá, kì í sì í dunni. Ẹ máa ń gbọ́ ọ, “tension rẹ̀ lọ sí 18”, bí ẹni ń sọ ti máàkì ìdánwò. Tí ó bá ti ń wà ní 14/9 sókè nígbà gbogbo, àìsàn ni, ó ń fọ́ iṣan ọkàn, ti ọpọlọ àti ti kídìnrín lábẹ́lẹ̀, kódà tí ẹni náà bá ń jó níbi ayẹyẹ. Oògùn rẹ̀ kì í ṣe oògùn ibà tí a ń mu fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá ní “ó ti lọ sí 12, mo ti jáwọ́”, oògùn ló gbé e wá sí 12, òun sì ti lé oògùn lọ.

Ní ọdún 2004, àwọn oníwádìí gbé àbájáde kan jáde, tí wọ́n kó jọ láti orílẹ̀-èdè 52 láti ara èèyàn tó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n. Ohun mẹ́sàn-án péré, wọ́n ní, ló wà nídìí èyí tó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìkọlù ọkàn àkọ́kọ́, fún obìnrin bíi ti ọkùnrin: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, sìgá, ikùn títóbi, àìrìn, àìjẹ èso òun ẹ̀fọ́, ọtí, àti ìdààmú ọkàn. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sí orogún níbẹ̀. Nípa iyọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò yẹ kó tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ṣíbí tíì kan péré. Ẹ lọ wo ìkòkò ọbẹ̀ yín: iyọ̀ wà níbẹ̀, kúbù mágì mẹ́ta mẹ́rin wà níbẹ̀, ẹja gbígbẹ oníyọ̀ náà wà níbẹ̀. A kò ní kí ẹ jẹ ọbẹ̀ tẹ́. Irú àti efinrin kò tíì wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìdààmú ọkàn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní 1990, àwọn dókítà ní Japan kọ nípa ọkàn kan tó ń wú bí ìkòkò ní ìsàlẹ̀, tó ń gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ lójijì lẹ́yìn ìbànújẹ́ ńlá tàbí ẹ̀rù. Wọ́n fi orúkọ ìkòkò tí àwọn apẹja ibẹ̀ fi ń mú ẹran omi kan pè é: takotsubo. Bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tó ń ṣe jẹ́ obìnrin, pàápàá àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dúró. Ó jọ ìkọlù ọkàn gẹ́lẹ́, ó lè pani, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń bọ́ nínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n bá rí ìtọ́jú. Ẹ wá wo opó wa. Ọkọ rẹ̀ kú ní àná, wọ́n ti tì í mọ́ yàrá, àwọn kan ń bi í pé kí ló fún un jẹ. Tí opó bá ní àyà ń dun òun lọ́jọ́ kẹta, àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín pé ó ń ṣe ojú ayé. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ìkà ni.

Ìwòsàn náà ní irọ́ tirẹ̀. Obìnrin tó bá ti ilé ìwòsàn dé, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà bà á jẹ́. Àwọn kan á ní “ara rẹ̀ ti yá, Ọlọ́run ṣeun”, ní ọ̀sẹ̀ kejì odó ti wà níwájú rẹ̀. Àwọn mìíràn á gbé e sí yàrá bí ẹyin, kò gbọdọ̀ rìn, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, wọn kò sọ fún un pé owó ọjà rẹ̀ ti tán. Méjèèjì kò dára. Ọkàn tó gbọgbẹ́ ń fẹ́ ìrìn, díẹ̀díẹ̀, bí dókítà bá ti là á sílẹ̀: ìṣẹ́jú márùn-ún lónìí nínú àgbàlá, mẹ́wàá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, títí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà ọjà láìdúró. Ní ìlú tí ètò ìdárayá bẹ́ẹ̀ wà nílé ìwòsàn, ó ń dín ikú kù, síbẹ̀ àwọn obìnrin ni wọn kì í sábà fi ránṣẹ́ síbẹ̀, àwọn náà ló tètè ń fi í sílẹ̀, nítorí pé ta ni yóò wo ọmọ? Lọ́dọ̀ wa, ìrìn nìkan ló kù, kò sì gbówó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń gbà ni kí ẹlòmíràn nínú ilé gún iyán.

Kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, tí ó bá fi kìlò méjì sanra láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kì í ṣe ẹran, omi ni, kó padà sọ́dọ̀ dókítà kí ẹsẹ̀ tó wú. Kí wọ́n má fi oògùn rẹ̀ du owó ìjọba ilé. Kí wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló máa ń sunkún lẹ́yìn ìkọlù ọkàn, tí kò ní fẹ́ jẹun, tí yóò máa bẹ̀rù oorun nítorí pé òru ló ṣe é. Kì í ṣe àìmoore sí Ọlọ́run. Ó wà lára àìsàn náà, ó sì yẹ kí dókítà gbọ́ nípa rẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin wa ń dá àjọ, wọ́n ń ra aṣọ ẹbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún. Owó aṣọ èèyàn mélòó kan nínú wọn á ra ẹ̀rọ tension tó dára, kí ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ní ọjà, kí wọ́n máa wọn ara wọn ní ọjọ́ ọjà. Kí ẹ̀yin ọkùnrin fi owó kan pamọ́ sọ́wọ́ ìyàwó yín, owó òru, tí kò ní dúró de fóònù tàbí ìyọ̀ǹda yín. Tí àyà bá ń wúwo, tí òógùn tútù ń bọ̀, tí èémí kò tó, tí ó ti ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, kí wọ́n gbé e, kí ó jókòó gbọnrangandan, inú ọkọ̀ dára ju ẹ̀yìn zémìjàn lọ. Kí ẹni tó bá a lọ má dákẹ́ níwájú nọ́ọ̀sì. Kó bi í léèrè tìgboyà-tìgboyà: “Ṣé ẹ ti wo ọkàn rẹ̀? Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ọkàn?” Tí wọ́n bá ń bínú, kí wọ́n máa bínú.

Ìwé kan ti wà lọ́wọ́ wa tí a kọ àwọn àmì wọ̀nyí sí, ojú ewé kan péré, ní Yorùbá, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, tí ọmọ CM2 lè kà fún ìyá rẹ̀ láìsí ẹni tó ń túmọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ fún ọjà rẹ̀, fún ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí rẹ̀, kó ránṣẹ́ sí wa, kó sọ iye tí ó ń fẹ́.